qBittorrent: àáró orí kọ̀ǹpútà, àti bí ẹ ṣe lè ṣètò rẹ̀ kó má baà jẹ dátà yín tán

Nínú gbogbo áàpù tí èèyàn lè fi ṣí fáìlì torrent lórí kọ̀ǹpútà lónìí, qBittorrent la ó kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó bá bi wá. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó kankan nínú rẹ̀, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS. Christophe Dumez ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní. Àléébù kan wà tí a kò ní fi bò: bó ṣe máa ń wà nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹni tí dátà rẹ̀ kò lópin ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó so láptọ́ọ̀pù mọ́ hotspot fóònù ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tó ń ra dátà ní gígà-gígà, á rí i pé dátà ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ yí padà nínú rẹ̀ ló máa gba ọ̀rọ̀ jù nínú àyẹ̀wò yìí.

Ẹni tó bá mọ àáró ti mọ ìdajì ohun tí BitTorrent, ọ̀nà pínpín fáìlì tí torrent ń lò, ń ṣe. Tí ẹ bá gba fáìlì lórí ìkànnì lásán, sáfà kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù gbogbo èèyàn. Bí èrò bá pọ̀, á máa wọ́, bí sáfà bá sì kú, iṣẹ́ parí. Ọ̀nà tí Bram Cohen gbé jáde ní 2001 yàtọ̀: wọ́n gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, ẹni tó bá ti ní ègé kan á máa fún ẹlòmíràn, bí òun náà ṣe ń gba èyí tí kò tíì ní lọ́wọ́ wọn. Fáìlì 4 GiB tí wọ́n gé ní 4 MiB kọ̀ọ̀kan jẹ́ ègé 1,024. Ègé kọ̀ọ̀kan ní hash tirẹ̀, tó dà bí ìtẹ̀ka ọwọ́. Èyí tí ìtẹ̀ka rẹ̀ kò bá bá ti inú torrent (fáìlì kékeré tó ní àkọsílẹ̀ ìtẹ̀ka gbogbo ègé) mu, áàpù á dà á nù, á sì tún un gbà. Iye tó dà nù bẹ́ẹ̀ wà níwájú Wasted lábẹ́ General. Ègé tó bá ṣọ̀wọ́n jù láàárín agbo ló máa ń kọ́kọ́ lọ wá, kó má baà di pé ẹnì kan ṣoṣo ló mú un dání, tí onítọ̀hún á sì pa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ìdí tí fáìlì kan fi lè dúró sí 97% fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ tẹ orí àwọn òpó nínú tábìlì pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, kí ẹ fi àmì sí Availability. Bí nọ́ńbà náà bá ju 1 lọ, odindi fáìlì wà láàárín àwọn tí ẹ so mọ́. Ẹ ní sùúrù. Bó bá jẹ́ 0.97, kò sẹ́ni tó ní ìyókù lọ́wọ́ nínú wọn, kò sì sí eré tí ẹ lè sá tí yóò mú un wá. Ẹ wá torrent mìíràn, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ títí seeder kan, ìyẹn ẹni tó ní odindi fáìlì, á fi dé. Bákan náà ni magnet (ìlínkì tí a fi ń ṣí torrent) tó bá dúró sí "Downloading metadata": ìtẹ̀ka torrent náà ni pàtàkì ohun tó wà nínú magnet, ọwọ́ àwọn mìíràn ni áàpù ti ń gba àkójọ fáìlì àti ìwọ̀n wọn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sí níbẹ̀, kò sí ohun tí yóò kà.

Ẹ gbà á láti qbittorrent.org, ibòmíràn kọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fún un kì í ṣe ara àwọn tó ṣe é. Ti Windows kò tó 50 MB, ó sì fẹ́ Windows 10 tàbí èyí tó jù ú lọ. Lórí Ubuntu àti Debian (oríṣi Linux), `sudo apt install qbittorrent` ti tó, àmọ́ èyí tó wà nínú àkójọ wọn sábà máa ń jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ wo Help, About, kí ẹ rí i dájú pé ó jẹ́ 5.0.1 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdí wà fún un: láti 2010 ni áàpù yìí ti ń gba ìwé ẹ̀rí TLS (èyí tí ìkànnì fi ń jẹ́rìí pé òun gan-an ni) èyíkéyìí láì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá ń gba nǹkan lórí ìkànnì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó sáàárín ẹ̀yin àti ìkànnì náà lè ti nǹkan burúkú bọ̀ ọ́. October 2024 ni wọ́n tó dí ihò náà. Ọdún 14 pọ̀ jù, a ò sì lè yẹ áàpù wò ká gbójú fo èyí. Lórí ojú ewé tí ẹ ó ti gbà á, ẹ ó rí oríṣi méjì fún Windows. Èyí tí wọ́n kọ lt20 sí lára ń lo libtorrent 2.0 (kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ torrent nínú áàpù náà), èkejì ń lo 1.2. Bí RAM yín bá jẹ́ 4 GB, ẹ mú ti 1.2, nítorí ọ̀nà tí 2.0 ń gbà lo mẹ́mórì máa ń mú kí RAM kún lórí Windows nígbà tí fáìlì bá tóbi. Torrent tó jẹ́ v2 (oríṣi tuntun) nìkan ni ti 1.2 kò ní lè ṣí, ẹ kò sì ní bá irú rẹ̀ pàdé lemọ́lemọ́.

Ó wá kan dátà. Nínú àáró, ẹni tó bá gbà gbọ́dọ̀ fúnni, áàpù yìí sì ń pa òfin yẹn mọ́ dáadáa. Bí ẹ ṣe ń gba ègé wọlé ni ẹ ń fi òmíràn jáde, nẹ́tíwọọ̀kì fóònù sì ń ka méjèèjì sí yín lọ́rùn. Fáìlì Ubuntu tó tó 6 GB, bí ẹ bá pín in títí ratio (ìwọ̀n ohun tí ẹ fi jáde sí ohun tí ẹ gbà wọlé) fi di 1.0, dátà 12 GB ló lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò fi òpin kankan sí ratio. Èyí tó tún burú jù ni pé bí ẹ bá tẹ X lórí Windows, áàpù náà kò kú. Ó sá wọ ẹ̀gbẹ́ aago nísàlẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Bó bá ń fi 200 KiB jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí 8 tí ẹ fi sùn á jẹ ju 5 GB lọ, láìjẹ́ pé ẹ gba nǹkan kan wọlé.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé, kí ẹ tó ṣí torrent àkọ́kọ́. Ẹ lọ sí Tools, Options, BitTorrent. Lábẹ́ Seeding Limits, ẹ fi àmì sí "When ratio reaches", kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí agbára yín gbé. Ẹni tó wà lórí fiber tí kò lópin, kó kọ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀tọ́ ni, nítorí àwọn tó fún un náà kò ṣírò owó fún un. Ẹni tó ń ra dátà, 0.3 tàbí 0.5 kì í ṣe ìtìjú. Ẹ yan Stop torrent níwájú "then". Nínú àwọn ti ṣáájú 5.0, Pause ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Behavior, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Close qBittorrent to notification area", kí X lè máa pa á ní tòótọ́. Ctrl+Q náà ń pa á.

Ìwọ̀n eré wà lábẹ́ Speed, KiB/s sì ni wọ́n fi ń kà á, tó yàtọ̀ sí Mbps tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń polówó. Ẹ yẹ eré ìfijáde yín wò lórí ìkànnì speed test kan. Bó bá jẹ́ 4 Mbps, ó jẹ́ bíi 488 KiB/s. Ẹ fi Upload sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn bíi 390. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ láì ní òpin á ṣàkíyèsí pé ohun tó ń gbà wọlé gan-an ń falẹ̀, nítorí ìdáhùn kékeré tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa fi ránṣẹ́ pé "mo ti rí i gbà" kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ẹ má kọ 0 sí Upload pé ẹ fẹ́ dá a dúró o: ohun tí 0 túmọ̀ sí níbẹ̀ ni pé kò lópin.

Abala kan tó wúlò púpọ̀ fún wa ni Alternative Rate Limits. Ètò dátà òru tí àwọn nẹ́tíwọọ̀kì ń tà ní Nàìjíríà dín owó gan-an sí ti ọ̀sán, ẹ sì lè ṣètò eré méjì. Ẹ fi eré kékeré, bíi 10 KiB/s, sínú Alternative, kí ẹ fi àmì sí "Schedule the use of alternative rate limits", kí ẹ sì kọ àkókò tí ètò òru yín kò ṣiṣẹ́. Áàpù á máa wọ́ lọ́sàn-án, á sì sá eré lóru. Ẹ ṣọ́ aago kọ̀ǹpútà yín, nítorí aago yẹn ló ń wò. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì aago inú rẹ̀ ti kú lè fi ọ̀sán pe òru.

Ohun tó dùn mọ́ wa jù nínú áàpù yìí ni Local Peer Discovery (LPD), tó sì ti wà ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà márùn-ún bá wà lórí router kan náà, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì akẹ́kọ̀ọ́ tàbí nínú ọ́fíìsì, tí gbogbo wọn sì ṣí torrent kan náà, wọ́n á rí ara wọn, wọ́n á sì máa pín ègé láàárín ara wọn láì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Ẹnì kan gba 6 GB, àwọn mẹ́rin yòókù kò ná dátà tó nǹkan. Ohun mẹ́ta ló ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́, áàpù ń ka òpin eré yín mọ́ àwọn ará ilé náà: ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Apply rate limit to peers on LAN" lábẹ́ Speed. Èkejì, àwọn router kan ń dí àwọn tó so mọ́ wọn lọ́wọ́ láti rí ara wọn, pàápàá lórí nẹ́tíwọọ̀kì àlejò. Ẹ̀kẹta, torrent tí wọ́n bá ṣe ní private kì í gba LPD láyè. Ẹ jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ gbà á tán kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo yín ni yóò máa fa ègé láti ìta.

Àwọn tó wà lórí 4G tàbí Starlink á rí i nísàlẹ̀ áàpù pé àmì ìsopọ̀ ń sọ "firewalled" tàbí pé kò sẹ́ni tó lè so mọ́ wọn tààrà. Ẹ má wulẹ̀ fi ọjọ́ kan ṣe port forwarding (ṣíṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará ìta) lórí router kí ẹ tó wo ohun kan: ẹ wo àdírẹ́sì WAN, ìyẹn èyí tí nẹ́tíwọọ̀kì fún router, lórí router, kí ẹ fi wé èyí tí ìkànnì tó ń fi IP hàn ń sọ. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, tàbí tí ti router bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, CGNAT ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo àdírẹ́sì kan náà, ilẹ̀kùn tí ẹ ń ṣí nílé kì í ṣe ti ojúlé. Ẹ ṣì lè gba fáìlì, nítorí ẹ̀yin lẹ ń lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ẹlòmíràn. Agbo tó bá kéré, tí gbogbo wọn wà lẹ́yìn CGNAT bíi tiyín, nìkan ni ẹ kò ní rí ẹni so mọ́. Router kékeré náà máa ń kú tí ìsopọ̀ bá pọ̀. Áàpù gbé e sí 500 lápapọ̀ àti 100 fún torrent kọ̀ọ̀kan. Ẹ dín in sí 150 àti 40 lábẹ́ Connection bí ìkànnì yòókù kò bá ṣí mọ́ nígbà tí torrent ń lọ.

Iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, tí kọ̀ǹpútà sì kú, áàpù lè gbàgbé ibi tó dé, nítorí wákàtí kan-kan ló ń ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ Advanced, ẹ wá "Save resume data interval", kí ẹ yí ìṣẹ́jú 60 padà sí 5. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má pa fáìlì rẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: ẹ tẹ torrent náà pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, kí ẹ yan Force recheck. Á ka gbogbo ègé tó wà lórí dísíkì, á yẹ ìtẹ̀ka wọn wò, á sì gba kìkì èyí tó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe bí ọ̀rẹ́ bá fi fláàṣì gbé ìdajì fáìlì fún yín. Ní ti fláàṣì, èyí tí wọ́n fi FAT32 (ọ̀nà àtijọ́ tí dísíkì ń gbà to fáìlì) ṣe kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4 GiB. Á dúró, á sì kọ "Errored". exFAT ni kí ẹ fi tún un ṣe, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ohun inú rẹ̀ kúrò.

Nípa fáìlì ẹ̀tàn: ìtẹ̀ka tí a sọ lókè ń fi hàn pé ohun tí ẹ gbà bá ti ẹni tó dá torrent sílẹ̀ mu, kò sì sọ pé ẹni yẹn kò ní èrò ibi. Fíìmù kì í jẹ́ .exe, .scr tàbí .lnk. Èyí tó bá wà nínú .rar tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, tí wọ́n ní kí ẹ lọ sí ìkànnì kan lọ gba ọ̀rọ̀ aṣínà náà, ẹ pa á rẹ́. Windows ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́. Ẹ ṣí i lábẹ́ View, Show, File name extensions. Nínú qBittorrent fúnra rẹ̀, Excluded file Names wà lábẹ́ Downloads: ẹ kọ `*.exe`, `*.scr` àti `*.lnk` sí orí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní gbà wọ́n mọ́. Fún Ubuntu tàbí Debian, ẹ fi ìtẹ̀ka tí wọ́n kọ sórí ìkànnì wọn wé èyí tí `certutil -hashfile` orúkọ-fáìlì `SHA256` bá sọ fún yín.

Ẹ ṣí Peers, tó ń to àwọn tí ẹ so mọ́. Gbogbo àdírẹ́sì IP tí ẹ ń rí níbẹ̀, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè wọn, àwọn náà ń rí tiyín. Encryption kò bò ó. Anonymous mode kò bò ó, ó kàn ń fi orúkọ áàpù pamọ́ ni. Ẹni tó bá ń lo VPN, tó ń fi àdírẹ́sì rẹ̀ pamọ́, gbọ́dọ̀ lọ sí Advanced, kó yan VPN náà níwájú Network interface, nítorí bí VPN bá já fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, áàpù á yí sí íntánẹ́ẹ̀tì gidi láì bèèrè.

Kò sí ohun tó burú nínú torrent fúnra rẹ̀. Ubuntu, Debian, LibreOffice àti Internet Archive ń fi í pín nǹkan wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó ń lọ káàkiri níbẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn tí kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ, àáró tó wà nínú áàpù yìí sì ni ó ń sọ ẹni tó gbà á di ẹni tó ń pín in. Òun ni àwọn lọ́yà ní Jámánì ń dì mú nígbà tí wọ́n bá kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni íntánẹ́ẹ̀tì pé kó san ọgọ́rọ̀ọ̀rún yúrò. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí dáadáa, pàápàá tí orúkọ onílé bá wà lórí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì náà. Ní Sweden, ilé ẹjọ́ dá ọkùnrin mẹ́rin tó wà nídìí The Pirate Bay lẹ́bi ní April 2009, ẹ̀wọ̀n ọdún kan-kan àti owó gbà-má-bìínú 30 mílíọ̀nù krónà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sáfà wọn kò gbé fíìmù kankan dání ju torrent lọ. Wọ́n dín ẹ̀wọ̀n àwọn mẹ́ta nínú wọn kù nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní Nàìjíríà, Copyright Act 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní March 2023, ti fún oníṣẹ́ láǹfààní láti kọ̀wé kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti fíìmù Yorùbá, ẹni tó ń fi torrent wá a ń fìyà jẹ àwọn òṣèré wa lásán ni: ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, orí ìkànnì àwọn tó ṣe é, owó ìpolówó ibẹ̀ sì ń dé ọwọ́ wọn. Alaba ti jẹ wọ́n tó láyé dísíkì.

Ẹ lè bèèrè nípa àwọn áàpù yòókù. uTorrent tí Ludvig Strigeus gbé jáde ní 2005 fẹ́lẹ́ nígbà yẹn, ó sì dára. Ìpolówó ti kún inú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ báyìí, àwọn tó ń lò ó sì pariwo ní 2015 pé áàpù tó ń wa owó kírípítò bá a wọlé sórí ẹ̀rọ wọn. Kò sí ìdí láti lò ó mọ́. Transmission rọrùn, ó fẹ́lẹ́ ju qBittorrent lọ, ó sì yẹ fún kọ̀ǹpútà àtijọ́, ṣùgbọ́n ètò inú rẹ̀ kò pọ̀ tó báyìí. Ní March 2016, àwọn ọ̀daràn wọ ìkànnì rẹ̀, wọ́n fi KeRanger tó ń ti fáìlì pa gba owó sínú 2.90 ti Mac. Àwọn tó ni ín tún un ṣe kíákíá. Lórí Android, qBittorrent kò sí. LibreTorrent lẹ ó lò, kóòdù rẹ̀ náà wà ní gbangba, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi nìkan.

Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi sílẹ̀ kó máa pín fáìlì, qbittorrent-nox, èyí tí kò ní ojú wíndò tirẹ̀, ni kó gbé sórí rẹ̀, kó sì máa fi bùráúsà darí rẹ̀ lórí port 8080. Títí dé 4.6.0, "adminadmin" ni ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Láti 4.6.1, áàpù ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà fún ìgbà díẹ̀ sójú tẹ́mínà nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i. Òun lẹ ó fi wọlé, kí ẹ sì yí i padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lábẹ́ Web UI, nítorí bí ẹ bá pa á láì yí i, òmíràn ni yóò kọ nígbà tí ẹ bá tún ṣí i.